Ọjọ́ Tí A Sá Aṣọ Gbogbo Ìlú

Àdúgbò àwọn alágbàfọ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ẹsẹ̀ òkè ló wà, omi sì ń sun jáde lábẹ́ àpáta níbẹ̀ tọ̀sán tòru, ó mọ́ débi pé bí ẹ bá ju abẹ́rẹ́ sínú rẹ̀, ẹ ó máa wo abẹ́rẹ́ náà nísàlẹ̀. Omi yẹn ló kó àwọn alágbàfọ̀ jọ. Ẹnì kan ló kọ́kọ́ dé, ó pe àbúrò rẹ̀, àbúrò pe àna, títí tí òpópónà náà fi kún fún bàsíà, ọṣẹ àti okùn ìsáṣọ. Bí ẹ bá ń kọjá láàárọ̀, aṣọ ọlọ́jà, aṣọ nọ́ọ̀sì, aṣọ ọlọ́pàá, gbogbo wọn á máa gbá yín lójú láìwo ipò yín.

Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti kúrò níbẹ̀. Níbi tí mo wà báyìí, ẹ̀rọ ni wọ́n ń ju aṣọ sí, wọ́n á ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n á lọ jókòó. Mi ò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ òórùn ọṣẹ lára aṣọ tí wọ́n sá sóòrùn, ọkàn mi a máa lọ sílé láìdágbére fún mi.

Ìyá mi ni olórí àwọn alágbàfọ̀ wa. Ìyá Funfun ni gbogbo ìlú ń pè é, nítorí pé bí aṣọ funfun bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, aṣọ funfun ẹlòmíràn á dà bí èyí tó sùn sínú eérú. Èmi àkọ́bí rẹ̀ ni mò ń lọ aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi obìnrin, èyí tó tẹ̀lé mi, kò fẹ́ fojú kan ọṣẹ. Ìwé ló fẹ́. Ó kà á títí, ó di olùkọ́, ó sì sọdá òkun lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Lọ́jọ́ tó ń lọ, ìyá mi kò sunkún. Ó kàn sọ fún un pé, "Lọ. Ṣùgbọ́n ẹrù tí o bá ti gbé karí, gbé e délé." Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi fi àbúrò mi ṣe ọ̀gá ilé-ìwé kékeré kan lọ́hùn-ún.

Oníkẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta ló ní fóònù nígbà yẹn. Ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni àbúrò mi máa ń pè síbẹ̀. Ìyá mi á wẹ̀, á wọ aṣọ tó dáa, á so gèlè, bí ẹni pé ọmọ náà máa rí i látinú fóònù. Ọjọ́ Àìkú kan báyìí, ohùn àbúrò mi kò já gaara, ìyá mi sì mọ̀ kí gbólóhùn kejì tó jáde.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Kò sí nǹkan, Màmá."

"Kò-sí-nǹkan kì í mú èèyàn mí báyẹn. Sọ ọ́ kí n gbọ́."

Ó sọ ọ́. Adágún tí màlúù ń mu ni àwọn ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ ń mu. Inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èyí bá ń dìde, tọ̀hún á wó. Àwọn wolé-wolé ti wá, wọ́n wo adágún, wọ́n wo àwọn ọmọ, wọ́n sì ní bí àwọn bá padà wá lọ́jọ́ ìwọlé sáà tuntun tí kò bá sí omi tó mọ́, àwọn á ti ilé-ìwé náà pa. Ilé-ìwé mìíràn tó kù jìnnà ju ohun tí ẹsẹ̀ ọmọdé lè rìn lọ. Bí wọ́n bá ti èyí pa, ìwé àwọn ọmọ náà parí nìyẹn, ti àwọn ọmọbìnrin ni yóò sì kọ́kọ́ parí. Àwọn agbẹ́kànga ti yẹ ilẹ̀ wò, wọ́n ní omi wà nísàlẹ̀, omi gidi. Ohun tí wọn yóò fi gbẹ́ ẹ ni kò sí.

Ìyá mi gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí.

"Èmi tí mò ń da omi nù láti àárọ̀ dalẹ́," ó ní, "ọmọ tèmi ń mu omi màlúù."

"Òun kọ́ ló ń mu ún, Màmá. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ni."

"Olùkọ́ gidi wo ló ń mu omi tó yàtọ̀ sí ti ọmọ rẹ̀? Dìde, jẹ́ ká máa lọ."

Lọ́jọ́ kejì ó ti dé ilé-ìwé tí àbúrò mi ti jáde. Ọ̀gá ibẹ̀, ọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ni àwọn ọmọ ń pè ní Ọ̀gá Ìgbìmọ̀ bí kò bá sí nítòsí, nítorí pé kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ tí kò ní yan ìgbìmọ̀ lé lórí. Nígbà tí ewúrẹ́ kan wọ kíláàsì tó jẹ àwòrán ògiri, ìgbìmọ̀ ló wádìí ewúrẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa ni. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá mi tán, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún. Òun ló kọ́ àbúrò mi ní ABD.

Ó ṣe ohun tí ọ̀gá ilé-ìwé máa ń ṣe: ó kéde fún àwọn ọmọ lórí ìlà, ó sì gbé àpótí ìdáwó kan sí ẹnu ọ̀nà. Àpótí náà wà níbẹ̀ títí, ebi ń pa á. Àwọn òbí á dé, wọ́n á wò ó bí ẹni ń wo ajá àjèjì, wọ́n á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Òkè òkun kẹ̀?" ni alápatà wí. "Ṣé ibẹ̀ kọ́ ni owó ti ń wá ni? Ìgbà wo ni tiwa bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síbẹ̀?"

Nígbà tí wọ́n ṣí i, bọ́tìnnì àti ìdérí ìgò ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ìyá mi wo inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

"Ẹ gbé e kúrò," ó ní. "Èèyàn ìlú yìí kì í ju nǹkan sínú ihò tí wọn ò rí ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ ni ká ṣe fún wọn. Owó la ò ní, a ò ya aláìlọ́wọ́."

Ó pe gbogbo alágbàfọ̀ jọ, ó pe àwọn òbí àti olùkọ́, ó sì la ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì kan, kò ní sí ẹ̀kọ́, kò sì ní sí iṣẹ́ àdáni fún alágbàfọ̀ kankan. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á ti ọmọlanke láti ilé dé ilé, wọ́n á kó aṣọ ìdọ̀tí gbogbo ìlú wá sí pápá ilé-ìwé. Gbogbo wa á fọ̀ ọ́, a ó sá a, a ó lọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, olúkúlùkù á wá gba tirẹ̀. Ẹni tó bá rí i pé ó mọ́ ni yóò san ohun tó máa ń san fún alágbàfọ̀ rẹ̀, bí inú rẹ̀ bá sì dùn kó fi lé e. Inú kànga ni gbogbo rẹ̀ ń lọ, àwa kò ní fọwọ́ kàn án.

Àwọn kan kùn. Èyí tó kùn jù ni Bàbá Sítáàṣì, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀: ṣòkòtò tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde lè dá dúró sẹ́nu ọ̀nà kó máa retí ẹni tó ni ín.

"Ìyá Funfun, ṣé a ò ní jẹun lọ́jọ́ yẹn ni?"

"Wo ikùn rẹ," ni ìyá mi dá a lóhùn. "Ebi ọjọ́ kan á ṣe é lóore."

Alápatà ló wá béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo èèyàn. "Aṣọ mi kan ṣoṣo tó dáa ni mo fẹ́ gbé wá yìí o. Bó bá sọnù nínú ọ̀pọ̀ èrò yẹn ńkọ́?"

Ìyá mi dìde dúró. "Bí aṣọ ẹnì kan bá sọnù, kí ẹnikẹ́ni má san nǹkan kan. Kí ẹ má sì pè mí ní Ìyá Funfun mọ́. Ẹ pè mí ní Ìyá Dúdú títí wọn á fi sin mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ ọ́n. Orúkọ yẹn nìkan ló kù sí i lọ́wọ́ látìgbà tí bàbá mi ti kú, ó sì ti wá fi dógò báyìí fún omi àwọn ọmọ tí kò rí rí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwa alágbàfọ̀ ṣe ń mọ aṣọ ara wa. A kì í kọ orúkọ sí i. Inú kọ́là tàbí ìbàdí ṣòkòtò la máa ń fi òwú ran àmì kékeré sí, a ó sì tú u bí oníbàárà bá wá gba aṣọ rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ òwú tirẹ̀: tiwa pupa, ti Bàbá Sítáàṣì dúdú, àwọn míì ń lo àwọ̀ ìyeyè. Nínú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, oníbàárà kọ̀ọ̀kan wá ní àmì tirẹ̀, bóyá ìlà méjì, bóyá ìlà kan àti àgbélébùú. Àwọ̀ òwú ló ń sọ ibi tí aṣọ ti wá, àmì ló ń sọ ẹni tó ni ín. Bí aṣọ gbogbo àdúgbò tilẹ̀ wà lórí okùn kan, kì í pọ̀ mọ́ra.

Nígbà tí ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀, Ọ̀gá Ìgbìmọ̀ gbé páálí kan dé, inú rẹ̀ dùn bí ọmọ tí wọ́n ra bàtà fún. Òwú ló wà níbẹ̀, aláwọ̀ ewé, àwọ̀ ilé-ìwé. Ó ti lọ bẹ olówò kan, onítọ̀hún sì ta á lọ́rẹ. "Kí ó lè hàn pé iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wa ń ṣe," ó ní. "Kí ẹnikẹ́ni má lo àwọ̀ mìíràn."

Ta ni yóò kọ òwú ọ̀fẹ́? Àwa tí a ń fi owó ara wa ra òwú láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, a dúpẹ́, a tún dúpẹ́. Bàbá Sítáàṣì ki mẹ́ta bọ àpò fún ọjọ́ iwájú. Ìyá mi náà gba tirẹ̀. Èmi gan-an ni mo fi ran àmì. Kò sí ọ̀kan nínú wa, àgbà tàbí ọmọdé, tó rò ó wò.

Ọjọ́ Ẹtì dé. Bí mo bá di ojú mi, mo ṣì ń rí i. Àwọn ọmọ tò láti ìsun omi títí dé pápá, wọ́n ń na garawa sí ara wọn lọ́wọ́, èyí tó kún ń lọ, èyí tó ṣófo ń bọ̀. Àwọn òbí wọ inú bàsíà ńláńlá, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá Ìgbìmọ̀ ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, ó bọ́ sínú bàsíà pẹ̀lú àwọn ìyàwó ilé, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tín-ín-rín débi pé ọmọbìnrin kan ní kí wọ́n ṣọ́ra kí wọ́n má fún un pọ̀ mọ́ aṣọ. A ta okùn láti òpó góòlù kan dé èkejì, láti fèrèsé kíláàsì dé ara igi, láti ara igi dé ògiri. Ìfófòó ọṣẹ ń ṣàn lọ sí ojú pópó. Ẹni tó ń kọjá lọ síbi iṣẹ́ á dúró, á bọ́ bàtà, á sì wọlé.

Ọ̀sán pọ́n, oòrùn ṣe wá lóore, aṣọ gbẹ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọn wá fún àwa tí à ń lọ aṣọ nínú kíláàsì. Mo mú ṣòkòtò kan tó fẹ̀ débi pé mo lè fi tẹ́ tábìlì. Mo yí ìbàdí rẹ̀ padà kí n lè mọ ibi tí mo máa kó o sí. Ìlà méjì, àgbélébùú kan. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, Adájọ́ ló ni àmì yẹn, Adájọ́ tí mo mọ̀ sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbálẹ̀.

Mo wò ó títí. Mo pe ìyá mi. Ó yí i wò. Ó fa òmíràn yọ nínú òkìtì, síkẹ́ẹ̀tì ọmọdé ni: ìlà méjì, àgbélébùú kan. Ó fa ẹ̀kẹta, aṣọ nọ́ọ̀sì ni: ìlà méjì, àgbélébùú kan. Gbogbo rẹ̀ aláwọ̀ ewé.

"Ta ló ni ìlà méjì àti àgbélébùú lọ́dọ̀ rẹ?" ó bi Bàbá Sítáàṣì.

"Alápatà ni. Kí ló dé?"

"Lọ́dọ̀ ìwọ ńkọ́?" ó bi obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọmọ oníbúrẹ́dì."

Bàbá Sítáàṣì fi ọwọ́ kan àpò tó ki òwú bọ̀, bí ẹni tó fẹ́ mú un jáde kó sì dá a padà.

"Òwú ọ̀fẹ́," ni ìyá mi wí jẹ́jẹ́. "Òwú ọ̀fẹ́ ló fọ́ wa lójú."

Ọ̀gá Ìgbìmọ̀ nu gíláàsì rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni. Bóyá a lè yan ìgbìmọ̀ kékeré kan..."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́," ni Bàbá Sítáàṣì wí. "Ẹ̀bi yín kọ́. Èmi tí mo jí mẹ́ta nínú rẹ̀ ńkọ́?"

Ìmọ̀ràn bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Ẹnì kan ní ká máa fi ojú díwọ̀n, ká pín in bó bá ṣe wá. Ẹlòmíràn ní ká sọ fún ìlú pé èédú áyọ́ọ̀nù tán, kí wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ìyá mi dojú bàsíà kan délẹ̀, ó jókòó lé e. N kò tíì rí i kó jókòó láàárín iṣẹ́ rí.

"Àwọn agbẹ́kànga ní bí àwọn ò bá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ò ní bá ọjọ́ ìwọlé," ó ní. "A lè sún tiwa síwájú. Ta ló máa bá wa sún ti wolé-wolé?" Ó yíjú sí mi. "Kí ni àbúrò rẹ máa sọ fún wọn? Pé òwú ni?"

Ó jókòó báyẹn fún ìgbà díẹ̀, ó ń wo òkìtì aṣọ náà bí ẹni ń wo ọmọ tó ya aláìgbọràn. Lẹ́yìn náà ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀.

"Ẹ má ká wọn mọ́. Èyí tí ẹ ti ká, ẹ tú u. Ẹ tún gbogbo rẹ̀ sá."

"Ó ti gbẹ kẹ̀," ni Bàbá Sítáàṣì wí.

"Mo mọ̀ pé ó ti gbẹ. Alágbàfọ̀ lè gbàgbé aṣọ oníbàárà. Ẹni tó ni aṣọ kò lè gbàgbé tirẹ̀. Ó mọ ibi tó ti ya, ó mọ ibi tí ọbẹ̀ dà sí lọ́jọ́sí. Ẹ sá a síta gbangba, kí olúkúlùkù wá fa tirẹ̀ yọ."

"Kí gbogbo ìlú wá rí pátá ara wọn?"

"Èyí tí wọ́n ń wọ̀ sábẹ́ á wà nínú kíláàsì, tọkùnrin lọ́tọ̀, tobìnrin lọ́tọ̀."

"Bí ẹnì kan bá wá mú èyí tó dáa ju tirẹ̀ lọ ńkọ́?"

"Lójú gbogbo ìlú? Jẹ́ kó mú un. Kó wọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ Àìkú ká wò ó."

A gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí a ti ká.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìyá mi gbé bàsíà funfun kan sí ẹnu géètì fún ẹni tó bá fẹ́ san nǹkan, òun náà sì dúró tì í. Kò rán ẹnì kankan. Alápatà ló kọ́kọ́ dé. Ó gbójú sókè, ó rí aṣọ lórí okùn, ó rí i pé kò sí ẹyọ kan tí a di.

"Ìyá Funfun, ṣé bí a ṣe sọ ọ́ nìyí?"

"Bí a ṣe sọ ọ́ kọ́. A ti da aṣọ yín pọ̀ mọ́ra. Ẹ̀bi tiwa ni. Ṣùgbọ́n ẹyọ kan kò sọnù. Ẹ wọlé, ẹ wá tiyín. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ padà wá bá mi níbí, kí ẹ pè mí ní orúkọ tó bá wù yín."

Alápatà wọlé pẹ̀lú ìbínú rẹ̀. Mo tẹ̀lé e lẹ́yìn nítorí ẹ̀rù ń bà mí. Nígbà tó dé orí pápá, ó dúró. Gbogbo ìlú ló wà lórí okùn. Aṣọ ọlọ́pàá ń ju apá sí aṣọ ìyàwó tuntun, bùláńkẹ́ẹ̀tì arúgbó ń pàtẹ́wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ yúnífọ́ọ̀mù, èyí tó funfun sì ń ta sí ojú débi pé èèyàn á gbé ọwọ́ bojú. Afẹ́fẹ́ fẹ́, gbogbo rẹ̀ dìde lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ kí i.

Àwọn mìíràn ti ń wọlé lẹ́yìn wa, ojú le koko. Lábẹ́ okùn kejì, Adájọ́ di ṣòkòtò gbẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ kan mú ní ọwọ́ méjèèjì.

"Tèmi ni mò ń wá," ó ní. "Ṣùgbọ́n èyí, ṣé àgọ́ ni?"

"Olúwa mi," ni alápatà wí, "ṣòkòtò mi ni ẹ dì mú yẹn."

Adájọ́ wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Kí ni ẹ̀rí yín?"

"Ihò kan wà nínú àpò òsì."

Adájọ́ ki ọwọ́ bọ àpò òsì, ìka rẹ̀ yọ sí wa láti ìsàlẹ̀, ó sì ń jù wọ́n bí ẹni ń kí ọmọdé. "Ilé-ẹjọ́ dá a láre," ó ní, ó sì nà án sí i.

Ẹ̀rín tó bú jáde níbẹ̀ ló tú gbogbo ojú tó le ká. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wọlé kì í bínú kọjá okùn àkọ́kọ́. Wọ́n ń bá ara wọn wá aṣọ. "Ṣebí tìrẹ nìyí, èyí tí o wọ̀ lọ́jọ́ tí o ṣubú sí gọ́tà?" "Tèmi ni, kí lo wá fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Ìyá arúgbó kan yí bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ká títí. "Ṣé aláwọ̀ ọsàn ni èyí tẹ́lẹ̀ ni?" ó bi ọmọ rẹ̀. "Láti ìgbà tí mo ti bí ẹ ni mo ti rò pé aláwọ̀ ilẹ̀ ni." Ó san ti fífọ̀, ó sì padà wá san ti àwọ̀.

Ibi tí mo rò pé a ó ti gba ìwọ̀sí ló wá di ibi tí ẹnì kankan kò fẹ́ kúrò. Télọ̀ rí bọ́tìnnì tó já lára aṣọ àwọn èèyàn, ó lọ gbé máṣíìnì rẹ̀ wá, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń ran án, owó rẹ̀ sì ń lọ sínú bàsíà ìyá mi. Onígbàjámọ̀ rí èrò, ó gbé àga wá. Oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì wá. Àwọn ará ìlú kejì gbọ́ pé gbogbo aṣọ wa wà níta, wọ́n wá fi wá ṣẹ̀sín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí búrẹ́dì fi kún ẹnu wọn, wọ́n sì san tiwọn.

Àwọn ọmọ kíláàsì tó gbẹ̀yìn ti gbé tábìlì kan sí àárín pápá. Ife kan ló wà lórí rẹ̀, omi tí wọ́n bù níbi tí màlúù ti ń mu lẹ́yìn ìlú ló wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ọ ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé ibẹ̀ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mu díẹ̀. Ẹni tó bá mu ún kò ní san nǹkan kan." Ó sọ ọ́ fún alápatà náà.

Ó tẹ̀ ba, ó wo inú ife. Kòkòrò kan ń yí po níbẹ̀. "Èyí ni àwọn ọmọ yẹn ń mu?"

"Èyí sàn ju tiwọn lọ, Sà. A ti sẹ́ ẹ."

Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó rìn padà sẹ́nu géètì, ó ki ọwọ́ bọ àpò, èyí tí kò lu, ó sì da gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ sínú bàsíà. Ó dúró díẹ̀. "Mo sọ̀rọ̀ kan lọ́jọ́sí nípa òkè òkun," ó sọ fún ìyá mi.

"N kò gbọ́ ọ," ni ìyá mi wí. Ó gbọ́ ọ dáadáa.

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, okùn ti ṣófo, àfi ṣòkòtò kan ṣoṣo. Ìyá mi dúró lábẹ́ rẹ̀. Àwọn èèyàn kò lọ sílé. Wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wo ṣòkòtò. Àwọn kan tó ti san nǹkan ń wo bàsíà. Bàbá Sítáàṣì já a, ó gbé e ká gbogbo pápá, òógùn ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ta ló ni ṣòkòtò jọ̀gọ̀jọ̀gọ̀ yìí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ ara yín wò. Ta ló ni ín?"

Ìyàwó rẹ̀ ń bá oníbúrẹ́dì palẹ̀ mọ́. Ó gbójú sókè. "Bàbá, tiyín ni."

"Irọ́ ni. Tèmi máa ń dúró."

"Sítáàṣì tán kó tó kàn yín. Ẹ wo ibi tí mo ti fi òwú funfun lẹ̀ ẹ́ lórúnkún."

Ó wò ó. Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó sì dojú bolẹ̀ bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò, ni gbogbo pápá bá hó. Wọ́n ń pariwo "Ìyá Funfun" títí tí àdúgbò kejì fi gbọ́, àwọn tó sì ń pè é sókè jù ni àwọn ará ìlú kejì tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

Ọ̀gá yan ìgbìmọ̀ láti ka ohun tó wà nínú bàsíà, lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí wọ́n parí, ó rìn wá bá ìyá mi, ó sì ń nu gíláàsì rẹ̀.

"Ó tó?" ni ìyá mi bi í.

"Ó tó," ni Ọ̀gá wí. "Kànga tó, ẹ̀rọ tó. Ó tún kù tí wọn á fi mọ ògiri yí i ká kí màlúù má débẹ̀."

Ìyá mi fọ ọwọ́ rẹ̀. "Ó dáa," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká ká okùn."

Ọjọ́ ìwọlé lọ́hùn-ún kì í ṣe ọjọ́ Àìkú. Oníkẹ́míìsì fúnra rẹ̀ ló sáré wá pè wá, ó fi ilé oògùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ìyá mi kò wẹ̀, kò so gèlè. Ìfófòó ọṣẹ wà lápá rẹ̀ títí dé ìgúnpá, ó sì fi ọwọ́ náà gbé fóònù. Mo fi etí mi ti etí rẹ̀.

"Màmá, ẹ gbọ́," ni àbúrò mi wí.

A gbọ́ ọ. Omi ń bọ́ sínú garawa, ó ń pariwo, ó ń pariwo, títí ohùn rẹ̀ fi yí padà bí garawa ti ń kún. Ìyá mi di ojú rẹ̀.

"Wolé-wolé ti dé?" ó béèrè.

"Wọ́n ti dé, Màmá. Ọ̀gá wọn ní ká fún òun ní ife kan. Ó mu ún. Ó ní ká tún fún òun. Mo bi í pé ṣé àyẹ̀wò kejì ni, ó ní rárá o, òùngbẹ ló ń gbẹ òun."

Agogo lù lẹ́yìn ohùn rẹ̀, ariwo kan sì bẹ̀rẹ̀, bíi ti ẹyẹ tí wọ́n dà sórí igi kan ṣoṣo.

"Kí nìyẹn?"

"Àwọn ọmọ ni, Màmá. Wọ́n ń wọlé. Gbogbo wọn ló padà wá."

Oníkẹ́míìsì kọjú sí ògiri, ó ń to ìgò oògùn tó ti tò tẹ́lẹ̀.

"Kí lo wá ń dúró ṣe lẹ́nu fóònù?" ni ìyá mi wí nígbẹ̀yìn. "Lọ kọ́ wọn níwèé."

Ó gbé fóònù kalẹ̀, ó sì jáde. Ṣọ́ọ̀bù wa kò jìnnà sí ìkóríta, ṣùgbọ́n kò gba ibẹ̀. Ó gba ìdí ilé-ìwé, ó gba ilé alápatà, ó yípo gbogbo ìlú, èmi ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Gbogbo ẹni tó bá pàdé, àtẹni tó béèrè àtẹni tí kò béèrè, àtẹni tó ti gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn, ló dá dúró, tó gbé apá ọlọ́ṣẹ sókè, tó sì sọ fún pé ilé-ìwé ọmọ òun wọlé lónìí.